Níbo ni owó àgbà òṣèré ń gbà lọ?

Nígbàkúùgbà tí fídíò àgbà òṣèré kan bá tún dé orí WhatsApp, tí bàbá tàbí ìyá náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n dákun bá àwọn san owó ọsibítù, ìbéèrè kan náà ni à ń gbọ́ káàkiri Ìkòròdú, ní Sábó, ní Agric, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀: "Ẹni tí a ti ń wò láti kékeré? Eré tó ṣe kò lóǹkà. Níbo ló kó owó gbé?" Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, àwọn kan á ti dájọ́. Wọ́n á ní ó fi ṣe fàájì ni, wọ́n á ní obìnrin ló kó o jẹ.

Ó máa ń dùn mí pé ẹ̀sùn la fi ń san oore fún àwọn tó fi gbogbo ayé wọn pa wá lẹ́rìn-ín. Mi ò sọ pé kò sí onínàákúnàá láàárín wọn, kò sí iṣẹ́ tí irú wọn kò sí. Àmọ́ bí a bá tẹ̀lé owó náà láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn títí dé orí YouTube, a ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò dé ọwọ́ òṣèré rí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìkòròdú gan-an. Ọmọ ìlú yìí ni Babátúndé Omídínà, Bàbá Sùwé, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti kun ojú dúdú jáde, ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ kó tó la ẹnu. Àìsàn bá a fínra kó tó kú, aráàlú sì dáwó fún un. Ó jáde láyé ní 22 November 2021, Ìkòròdú níbí la sin ín sí. Láti ìgbà náà, kò sí àgbà òṣèré tó ṣàìsàn tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ Bàbá Sùwé kún un ládùúgbò wa.

Ta ni ta nínú iṣẹ́ tíátà?

Òṣèré ni ẹni tí à ń rí. Ọ̀gá ẹgbẹ́ ni ẹni tó dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀: òun ló ra ọkọ̀, òun ló ni ìlù àti aṣọ eré, òun ló sì sábà máa ń kọ eré náà. Ọmọ ẹgbẹ́ ni ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí fíìmù àti fídíò dé, àwọn méjì mìíràn tún wọlé: olùgbéjáde, ìyẹn ẹni tó gbé owó kalẹ̀ tí iṣẹ́ náà sì jẹ́ tirẹ̀, àti máàkẹ́tà, tó ra ẹ̀tọ́ láti máa tà á fún aráàlú.

Ẹnì kan lè jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Hubert Ògúndé ṣe òṣèré, ó ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́, ó tún gbé fíìmù jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí a fẹ́ràn, òṣèré lásán ni wọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wa lójú: ojú òṣèré là ń rí, a wá rò pé òun ló ni gbogbo ohun tí à ń wò.

Lórí ìtàgé, ọwọ́ ta ni owó ń wọ̀?

Eré alárìnjó ti wà láti ayé Ọ̀yọ́ àtijọ́, ṣùgbọ́n Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ló sọ ọ́ di òwò tí ènìyàn ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe nígbà tó gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní 1944. Ní 1945 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Oyin Adéjọbí, Moses Ọláìyá tí í ṣe Bàbá Sàlá, àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn tẹ̀lé e.

Ọ̀nà wa níbí mọ̀ wọ́n dáadáa. Kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, Ìkòròdú ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Èkó lọ sí Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ń gbà. Bàbá kan tó ń gbé Ìgbógbó, tó fi ìgbà èwe rẹ̀ lu ìlù fún ẹgbẹ́ eré kan, ṣàlàyé fún mi bí ọjọ́ kan ṣe máa ń rí fún wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ ẹgbẹ́ á yí ìlú po, ẹnì kan á jókòó lórí ọkọ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn, á máa pe orúkọ eré, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé wọn mú ìwé pélébé. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, wọ́n á fa wáyà rẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé. Lẹ́nu ọ̀nà, tábìlì kan, ẹni méjì: ọ̀kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ìkejì ń fà á ya. Ìyàwó ọ̀gá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, agolo owó á wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò ní í dìde kúrò níbẹ̀ títí eré á fi parí.

Lẹ́yìn eré, wọ́n á da owó náà sórí ẹní. Owó gbọ̀ngàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ. Wọ́n á yọ owó dísù, wọ́n á yọ ti fókánáísà àti mẹkáníìkì, torí pé ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn, ìlù àti pátákó ìtàgé lórí ọ̀nà eléruku ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kò lè ṣe kó má bàjẹ́. Wọ́n á yọ owó oúnjẹ gbogbo agbo, àti owó ìwé pélébé fún ìlú tó kàn. Ọ̀gá á yọ ti aṣọ eré tuntun. Ohun tó bá kù ni ọmọ ẹgbẹ́ ń rí nínú rẹ̀, bàbá náà sì sọ fún mi pé owó ọṣẹ ni àwọn ń pè é. Bí òjò bá rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí owó ọṣẹ, gbèsè ló kù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀gá ń rẹ́ wọn jẹ ni. Agbo ilé ni ẹgbẹ́ eré jẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ ń jẹ níbẹ̀, ó ń sùn níbẹ̀, ó ń kọ́ iṣẹ́ tí kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni lọ́nà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ògúndé fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré, torí pé àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá onítíátà kiri, èyí tó bá sì lọ́kọ síta á fi eré sílẹ̀. Ìyàwó òṣèré, ọmọ òṣèré, ìbátan òṣèré, gbogbo wọn wà nínú ọkọ̀ kan náà. Nínú agbo ilé, ta ló ń fún ọmọ níwèé ìgbanisíṣẹ́? Ta ló ń yọ owó ìfẹ̀yìntì pamọ́ fún aya àti àbúrò? Ẹni tó lo ogún ọdún nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jáde láìní ìwé kan ṣoṣo tó fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ rí.

Ìjọba náà lè fi ìdájọ́ kan gba oúnjẹ lẹ́nu gbogbo agbo. Ní 1964, nítorí eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Ògúndé, wọn kò gbọdọ̀ ṣeré níbikíbi ní agbègbè náà. Àwọn ológun ló mú òfin yẹn kúrò ní 1966. Ẹ rò ó wò: gbogbo ilẹ̀ tí àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ pọ̀ sí jù lọ ni wọ́n tì mọ́ ọn. Bí ọ̀gá tó lókìkí jù bá rí báyìí, ẹ wo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń retí owó ọṣẹ.

Ikú ọ̀gá tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ògúnmọ́lá kú ní 1973, Dúró Ládiípọ̀ kú ní 1978. Ọdún 1978 yẹn náà ni Òjó Ládiípọ̀, Bàbá Mẹ́rò, kú. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ríbi forí lé, torí Adébáyọ̀ Sàlámì tí a mọ̀ sí Ọ̀gá Bello gbà á mọ́ra, ó ń darí rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fọ́nká, olúkúlùkù á wá ọ̀nà ara rẹ̀ lọ.

Ṣé tẹlifíṣọ̀n kò san owó fún wọn ni?

Ó san, ṣùgbọ́n òkìkí tó fún wọn ju owó lọ fíìfíì.

Ní 31 October 1959 ni WNTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní Èkó ní 1962, mínísítà ìròyìn tó wà lórí oyè nígbà náà sì ni T.O.S. Benson, ọmọ Ìkòròdú. Ní 1980, ìjọba Jákàńdè dá tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ yìí nílò eré tí wọ́n á fi dí àlàfo ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹgbẹ́ eré sì ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ń wá ibi tí ayé á ti rí wọn. Wọ́n pàdé ara wọn.

Àmọ́ ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń ka ìròyìn àti ẹni tó ń ṣeré ní ilé-iṣẹ́ kan náà. Òṣìṣẹ́ ni akàròyìn. Ó ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, ó ní ìpele owó oṣù, bó bá dàgbà yóò fẹ̀yìn tì, owó rẹ̀ á sì máa jáde. Àlejò ni òṣèré. Wọ́n pè é, ó ṣe é, wọ́n san ti ọjọ́ yẹn fún un, ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Eré Village Headmaster tí Olúṣẹ́gun Olúsọlá dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, ó sì wà lórí afẹ́fẹ́ títí di 1988. Ogún ọdún! Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ṣiṣẹ́ fún iye ọdún yẹn kò ní í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Òṣèré tó fi iye ọdún yẹn wọ yàrá gbogbo wa kò ní ẹ̀tọ́ sí kọ́bọ̀ ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, torí pé kò wà nínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́.

Kí ló dé tí àwọn ẹgbẹ́ fi gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà? Ìpolówó ni tẹlifíṣọ̀n jẹ́ fún wọn. Ẹni tó wo Bàbá Sàlá ní ìrọ̀lẹ́ kan ní Ìbàdàn, bó bá gbọ́ pé ó ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú òun, á sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orí ìtàgé ni owó wà, tẹlifíṣọ̀n ló ń kó èrò wá. Ìṣirò yẹn kò burú rárá lásìkò tó bá a mu.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ìtàgé kú. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, olè àti ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ènìyàn máa rìn lóru mọ́, owó náírà já nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, ọkọ̀ àti jẹnẹrétọ̀ di ọ̀wọ́n, fídíò sì wọ ilé. Ìpolówó wà, ọjà tí ó ń polówó kò sí mọ́. Òṣèré wá kù pẹ̀lú òkìkí lásán.

Kódà ohun tó ṣe pàápàá kò ṣẹ́ kù. Téèpù wọ́n nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì máa ń gba eré tuntun sórí ti àtijọ́. Ọ̀pọ̀ eré tí àwọn òbí wa ń ròyìn rẹ̀ fún wa ti pa rẹ́, kò sí ẹni tó lè tún un tà, yálà òṣèré tàbí ilé-iṣẹ́.

Ta ló ni fíìmù?

Ìbéèrè yìí ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Bíríkìlà kan kọ́ ilé alájà kan sí Agric. Onílé san owó iṣẹ́ rẹ̀, ó kó ṣíbí àti okùn rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ tí ayálégbé ti wọlé, onílé ni wọ́n ń san owó fún, lọ́dọọdún, kódà bí bíríkìlà ń gba iwájú ilé náà kọjá lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó máa ń bi bíríkìlà pé, "Ilé tí o kọ́ pọ̀ báyìí, níbo lo kó owó ilé gbé?" A mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀.

Òṣèré ni bíríkìlà yẹn. Wọ́n pè é sí lokéṣọ̀n, ó ṣe ipa tirẹ̀, wọ́n san iye tí wọ́n jọ sọ. Lẹ́yìn náà ni fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí í pa owó. Máàkẹ́tà ní Ìdúmọ̀tà tẹ̀ ẹ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, nígbà tó yá ó tẹ̀ ẹ́ sórí CD. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n tà á fún tẹlifíṣọ̀n olówó bí Africa Magic. Lónìí ó wà lórí YouTube, ìpolówó ń jáde láàárín rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni òṣèré gba owó. Olùgbéjáde tàbí máàkẹ́tà ló ń gba ìyókù.

Mo ti rí irú ìwé tí wọ́n fi ń ṣe é. Ojú ewé kan ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ gátagàta, àyè orúkọ fíìmù àti iye owó wà ní òkè, wọ́n fi bírò kún un. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìlà kan tó sọ pé ẹni tó buwọ́ lù ú ti gba owó rẹ̀ pé, kò sì ní ohunkóhun láti béèrè mọ́ lórí iṣẹ́ náà, níbikíbi tí wọ́n bá fi hàn, ní ìgbàkígbà. Ìlà kan péré! Orí orókún ni wọ́n ti ń buwọ́ lù ú, nígbà tí ẹni tó ń kun ojú ń pariwo pé kí wọ́n máa bọ̀.

Àwọn tó rí ìwé buwọ́ lù tilẹ̀ sàn. Nínú tíátà Yorùbá, ọ̀pọ̀ ipa ni wọ́n ń ṣe láìgba owó gidi. Òṣèré kan fẹ́ gbé fíìmù tirẹ̀ jáde, ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe é, bó bá di tiyín, èmi náà á wá." Wọ́n á fún wọn lówó mọ́tò. Ọ̀nà yìí ló jẹ́ kí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè ṣe fíìmù, ó sì dára nínú ara rẹ̀. Àmọ́ ó tún jẹ́ kí a máa rí ojú kan náà nínú fíìmù mẹ́wàá láàárín oṣù díẹ̀, a ó sì máa rò pé owó mẹ́wàá ló wọlé.

Ibi tí òṣèré ti ń rí owó gidi ni orúkọ rẹ̀: ìpolówó ọjà, àríyá tí wọ́n pè é sí, òde ìyàwó tó ti lọ dẹ́rìn-ín pa èrò. Orúkọ yẹn nìkan ni ohun ìní rẹ̀, ara rẹ̀ ló sì ń gbé e kiri. Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlù ú, bí ohùn bá lọ, òde dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà gan-an, owó oògùn sì bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹni tó ni fíìmù rẹ̀ bọ́ nínú wàhálà?

Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Bàbá Sàlá ló ni fíìmù Ọ̀run Mooru tó jáde ní 1982. Fíìmù gidi ni, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ńlá hàn ní gbọ̀ngàn, owó ńlá ló sì gbà kí ó tó jáde. Àwọn olè jí i dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á ní ìgboro kó tó jẹ èrè rẹ̀. Gbèsè bá a mọ́lẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó gbérí. Ọdún 2018 ni bàbá náà kú, ẹni tó bá sì gbọ́ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ á gbọ́ nípa ọgbẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tí kò ni fíìmù kò rí owó rẹ̀ gbà, ẹni tó ni ín lè pàdánù rẹ̀ lọ́wọ́ olè.

Kí ló dé tí ti Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀?

A máa ń gbọ́ pé òṣèré ibẹ̀ ń gba owó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún eré rẹ̀ fi hàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n fi gbà á. Ní 1960, láti 7 March dé 18 April, ẹgbẹ́ òṣèré wọn da iṣẹ́ fíìmù sílẹ̀. Ronald Reagan tó wá di ààrẹ orílẹ̀-èdè náà ni olórí ẹgbẹ́ nígbà náà. Nígbà tí wọ́n parí ìjà, àwọn ilé-iṣẹ́ gbà láti máa san owó fún òṣèré bí wọ́n bá ta fíìmù tí wọ́n ṣe láti 1960 síwájú fún tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún fi mílíọ̀nù 2.25 dọ́là sílẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ètò ìfẹ̀yìntì àti ìlera. Àwọn tó ṣe fíìmù ṣáájú 1960 kò rí nǹkan gbà lórí ti àtijọ́. Ní 2023, wọ́n tún da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 118 nítorí owó orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Níbí, ta ni òṣèré máa dáṣẹ́ sílẹ̀ fún? Nínú TAMPAN tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn onítíátà, nínú ANTP tó ṣáájú rẹ̀, olùgbéjáde àti òṣèré jọ jókòó sórí àga kan náà. Ẹni tó ń san owó lónìí ni ẹni tí wọ́n á pè wá ṣeré lọ́la. Èmi ò rí i bí ẹnì kan ṣe lè bá ara rẹ̀ dúnàádúrà. Títí tí àwọn tó jẹ́ òṣèré nìkan yóò fi ní ẹnu tiwọn lọ́tọ̀, owó àtúnfihàn yóò ṣòro.

Òfin wa ńkọ́?

Òfin wà. Òfin 1970 lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ ọpọlọ, ìyẹn copyright, kò ka òṣèré kún. Ti 1988 ló kọ́kọ́ fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó bá ṣe, ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹta 2023, sì tún un ṣe. Ẹ̀tọ́ náà ń wà fún 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó ṣe eré náà. Ẹ kíyè sí i pé gbogbo ẹni tó ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n ṣáájú 1988 ṣe é lásìkò tí òfin kò tíì mọ̀ wọ́n.

Ẹ̀tọ́ náà ṣeé fi sílẹ̀ nínú ìwé. Ìlà kan péré tí mo sọ lókè yẹn, òun ló ń gba ohun tí òfin fúnni. Ẹgbẹ́ kan tún wà tí ìjọba fún láṣẹ láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń fi fíìmù ṣòwò, bí òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀ akérò tó ń fi fíìmù han èrò. AVRS ni orúkọ rẹ̀. Òṣèré tí orúkọ rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn kò lè retí nǹkan kan.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́?

Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa dá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 kún un. Òṣèré kò ní owó oṣù, kò ní agbanisíṣẹ́, kò sí ẹni tó máa fi nǹkan kún tirẹ̀. Ní 2019 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, télọ̀, ọlọ́jà, onímọ́tò, òṣèré, kí wọ́n lè máa dá iye tí agbára wọn bá gbé lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Apá kan ṣeé mú bí ìnira bá dé, ìyókù á dúró de ọjọ́ ogbó.

Ètò tó dára ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní 1975, nígbà tí eré orí ìtàgé ń gbóná, ti pé 74 ní 2019. Kí ló fẹ́ dá nígbà náà?

YouTube ti yí ọ̀rọ̀ padà bí?

Díẹ̀. Ẹni tó ni ojú ìwé tí fíìmù wà ni YouTube ń san owó fún. Bí òṣèré bá ní tirẹ̀, tó ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ síbẹ̀, owó ń wọlé tààrà. Àmọ́ èyí tó pọ̀ nínú àwọn fíìmù àtijọ́ wà lórí ojú ìwé àwọn tí kò ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí la lè ṣe ní Ìkòròdú níbí?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya sikíìtì àti fíìmù pọ̀ ládùúgbò wa báyìí. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé, ẹ wá ìlà tó ń sọ pé ẹ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́. Ẹ bi ẹni tó gbé ìwé wá pé, bí wọ́n bá tún eré yìí tà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, èló ni tèmi? Kódà bó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Bí ẹ bá ń ṣe é fún ẹlẹgbẹ́ yín láìgba owó, ẹ lè ní kó fún yín ní ìpín kékeré nínú fíìmù náà dípò owó mọ́tò. Ọ̀rẹ́ tó bá bínú sí ìyẹn, ẹ bi í pé ṣé òun kò ní gba owó nígbà tí fíìmù bá tà ni.

Àwa òǹwòran, ẹ jẹ́ ká wo fíìmù lórí ojú ìwé ẹni tó ni ín. Ẹ má gba odidi fíìmù láti orí Telegram kí ẹ tún máa fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù ẹbí.

Bí àwọn àgbà òṣèré bá sì wà ládùúgbò yín, ẹ má dúró de ọjọ́ tí fídíò ọsibítù máa jáde. Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò ìlera Ilera Eko tí ènìyàn ń san owó rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́jọdá, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kan lè dá a fún bàbá tàbí ìyá kan láìpariwo. Kí wọ́n lọ pẹ̀lú wọn lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n bá wọn yan ọsibítù tó súnmọ́ ilé, kí ẹnì kan sì kọ ọjọ́ tí owó ọdún náà máa parí sínú fóònù rẹ̀, kí wọ́n lè tún un san kí ó tó pé.